Ọ̀wọ̀ ni àbí ọwọ̀? Ìtàn Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù Èkó

Ohun tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí dátà yín ti tán. Àwọn tó gbọ́ ọ ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ má bínú. Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo ti gbà á sílẹ̀, oríta sì ni ìlú wa: ọkọ̀ Ìlọrin, ọkọ̀ Ọ̀fà, ọkọ̀ Òmù-Àrán, gbogbo wọn ló ń gba ibí kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú ara mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16, mo kọ orin kan fún ìkórè ìjọ wa. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀wọ̀" ń padà wá nínú ẹ̀ ṣáá, torí pé Ọlọ́run ni a fẹ́ bu ọ̀wọ̀ fún. Àwa ọ̀dọ́ kọ ọ́, ìjọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ìyá ìyá mi pè mí, ó ní: "Orin yín dùn o. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ wo lẹ fẹ́ gbé fún Ọlọ́run?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti wọ yunifásítì kí ó tó yé mi pé ìyá àgbà gbọ́ orin náà ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ.

Ẹ rántí dò-re-mí tí olùkọ́ fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà, dò dò ni. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, re dò ni. Ọwọ́ tí a fi ń jẹun, re mí ni. Orin tèmi gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀, ó wá sọ òpin rẹ̀ kalẹ̀. Re dò. Ìgbálẹ̀ gan-an ni mo kọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí. Bí o bá fi ohùn òkè kọ "water", omi ni. Bí o bá fi ti ìsàlẹ̀ kọ ọ́, omi náà ni. Nígbà tí wọ́n wá ń túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n túmọ̀, wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan sì ti Jámánì wá. Kódà bí ẹsẹ kìíní bá bá ohùn náà mu, ẹsẹ kejì ń kọ́? Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹ̀wù kan ṣoṣo tí wọ́n rán fún ọmọ kan, tí wọ́n wá ní kí ọmọ mẹ́rin máa wọ̀ ọ́.

Ibí ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọlé. Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ni bàbá rẹ̀. Ní 1911, ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ orin. Ó padà sílé ní 1914, wọ́n sì fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Christ Church, Marina, l'Ékòó, ìjọ tí a mọ̀ lónìí sí Cathedral Church of Christ. Ó wà lórí ìjókòó dùùrù yẹn títí di 1962. Ọdún 48! Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ iṣẹ́ lọ́dún méjì-méjì, ṣé ẹ gbọ́?

Kí ló ń ṣe níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ó ń tẹ dùùrù, ó ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní orin, ó sì ń wá bí orin ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe máa sọ Yorùbá tó yé ènìyàn. Ó kọ orin sí Sáàmù 121 ní Yorùbá. Ní 1953, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, *Yoruba Music*. Ohun tó fi yé wa ni pé ọ̀rọ̀ wa ti ní ohùn tirẹ̀ kí olórin tó dé ibẹ̀. Ìró ọ̀rọ̀ ni kí orin tẹ̀ lé. Ó tún ṣàlàyé pé ohùn márùn-ún ni orin ìbílẹ̀ wa sábà máa ń lò, kì í ṣe méje bíi ti Òyìnbó. Kò ní kí a ju dùùrù nù. Ó ní kí dùùrù náà wá gbọ́ Yorùbá.

Ẹni tó bá mọ ìtàn orin yóò ti rántí Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, tí wọ́n bí ní 1685. Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lòun náà nígbà èwe rẹ̀. Láti 1723 títí tó fi kú ní 1750, ó wà ní ìlú Leipzig, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Thomas ní orin, ó sì ń pèsè orin fún ìsìn. Òun náà mú àwọn orin ìsìn tí ará ìlú rẹ̀ mọ̀ látilé, ó sì tún un ṣe fún dùùrù àti akọrin. Ní ti èdè ara rẹ̀, Bach bá iṣẹ́ yẹn nílẹ̀. Phillips ní láti kọ́kọ́ la ọ̀nà kí ó tó rìn ín.

Ẹ wo àwọn tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Fẹ́lá Ṣówándé, tó kọ *African Suite* ní 1944, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ dùùrù. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin yẹn. Nígbà tí Phillips fẹ̀yìn tì ní 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ló gba iṣẹ́ náà. Bàbá kú ní 1969.

Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Lónìí, fóònù ni dùùrù wa. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ìlù lórí áàpù kan, kó kọrin sí i, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ ṣe ìlù àti ohùn orin tán, a wá ń fi tipátipá ki Yorùbá bọ inú ẹ̀. Ọmọ tó bá fi irú orin bẹ́ẹ̀ kọ́ èdè, ọwọ̀ ni yóò máa bù fún bàbá rẹ̀.

Ẹ gbìyànjú èyí. Kí ẹ tó kọ orin, ẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lẹ́nu bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ wá pa ẹnu dé, kí ẹ kùn ún lásán. Ohun tí ẹ bá gbọ́ yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ohùn orin yín.

Èmi náà ṣe é. Mo tún orin ìkórè mi kọ, ibi méjì péré ni mo yí padà. Mo gbé fóònù sí ìyá àgbà létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un fi sí i. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n. O ti wá gbé ìgbálẹ̀ kúrò nínú ẹ̀."

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.