Ẹ WỌN Ẹ̀RẸ̀KẸ́ ỌMỌ YÍN KÍ EGUNGUN TÓ GAN!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ọ̀rọ̀ rèé o! Bí eyín ọmọ bá yọ síta, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ gùn síwájú, eyín lọ̀pọ̀ òbí máa ń dá lẹ́bi. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà nílé ìwé á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ eyín nìkan kọ́. Nígbà mìíràn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè ló sáré ju tìsàlẹ̀ lọ, tàbí kí tìsàlẹ̀ sáré ju tòkè.

Kò sí télọ̀ gidi tí í gé aṣọ láìwọn oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà eléyín. Á wo ojú ọmọ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ya ẹ́síréè orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọdún 1931 ni Broadbent ní Amẹ́ríkà àti Hofrath ní Jámánì gbé irú ẹ́síréè yìí jáde. Orí rẹ̀ ni dókítà ń fa ìlà sí, tí á fi mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe yọ síwájú tó.

Lọ́dún 1953, Steiner, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀: dígírì 82 fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, 80 fún tìsàlẹ̀. Àmọ́ ojú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é o! Ẹnu aláwọ̀ dúdú sábà máa ń yọ síwájú díẹ̀ ju tòyìnbó lọ, kì í ṣe àìsàn. Dókítà tó bá fi òṣùwọ̀n òyìnbó nìkan wọn ọmọ Yorùbá lè pe ohun tí kò bàjẹ́ ní bàjẹ́. Èjí wa ńkọ́? Ẹ̀wà ni, kò lẹ́jọ́ nínú.

Àsìkò gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọbìnrin sábà máa ń yára ga láàárín ọdún 10 sí 12, ọmọkùnrin láàárín 12 sí 14. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ bá rẹ̀yìn, ìgbà yẹn ni irin àfisẹ́nu lè bá egungun tó ń dàgbà ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ tòkè ló rẹ̀yìn, ó dáa kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé 10. Bí egungun bá ti gan, wáyà lè to eyín, kò lè fa egungun mọ́. Bí àléébù náà bá wá pọ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìrora rẹ̀ kì í ṣeré!

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ti rí dókítà kó tó ju ọdún 7 lọ. Àyẹ̀wò lásán ni, kì í ṣe pé wọ́n á fi wáyà sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ tètè wo ẹnu ọmọ yín!