Ìlànà àti Ojú-inú nínú Kíkọ́ Iṣẹ́ Ère Gbígbẹ́

Ṣé àlàyé tó lẹ́sẹẹsẹ ni ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀jáfáfá, tàbí òye tí ẹnu kò lè ròyìn? Iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá fi hàn pé méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ipò wọn yàtọ̀.

Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, tí ó ń yọ ìrísí ère lára ìtì igi, àlétúnlé, tí ó ń ya orí, ọrùn àti apá sọ́tọ̀, dídán, àti fínfín. Ètò náà nídìí: ẹni tí ó bá fín irun kí orí tó gún régé yóò gé iṣẹ́ ara rẹ̀ dànù. Ọ̀gá lè ṣàlàyé èyí lóòjọ́.

Ohun tí kò ṣeé ṣàlàyé lóòjọ́ ni ìgbà tí ó yẹ kí a dáwọ́ ìpele kan dúró. Ojú-inú àti ojú-ọnà, tí Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, kà mọ́ àbùdá oníṣẹ́ ọnà, ni ó ń sọ ọ́. Wíwò àti àṣetúnṣe ni ó sì ń là wọ́n.

Síbẹ̀, ojú-inú kò sọ ìlànà di asán. Lamidi Fákẹ́yẹ ti kọ́ ère gbígbẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, kí ó tó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé Aréògún ní Ọ̀yẹ́.

Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbára lé àlàyé nìkan yóò máa tọ́ ẹni tí ó lè dárúkọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì lè gbẹ́ ère kan ṣoṣo.