Ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé l'Amẹ́ríkà: bó bá jóná, ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ọmọ yín wà l'Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọ̀hún ti fi fọ́tò ilé kékeré kan ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. 'Mọ́mì, ibí lẹ máa gbé tí ẹ bá wá bá wa tọ́jú ọmọ.' Ilé náà á rẹwà, bẹ́ẹ̀dì á wà níbẹ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ náà á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ lè má ju yàrá kan àti pálọ̀ lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ sínú báàgì, ẹ bi í léèrè bóyá ilé ọ̀hún ní adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ínṣọ́ránsì.

Mo mọ̀ pé third party tí à ń rà sí mọ́tò nítorí ọlọ́pàá ojú títì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé kékeré wọ̀nyí. Bí iná bá ràn án, owó tí ọmọ fi ọdún mélòó kan kó jọ lè di eérú kí àwọn panápaná tó dé.

Ẹsẹ̀ ilé ni iléeṣẹ́ adójútòfò máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé orí ìpìlẹ̀ ló dúró sí, àbí orí táyà? Ìwé òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ti ní abala tó wà fún ilé kékeré láti ọdún 2018. Èyí tó fẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, tó sì gùn tó ogún, tàbí tó kéré sí i, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá gba abala yẹn wọlé nìkan ló ń lò ó. Bí ilé bá ní ìpìlẹ̀, tí àwọn aláṣẹ ìlú sì ti fọwọ́ sí i, ó rọrùn díẹ̀ láti rí ẹni tó máa gbà á.

Àwọn ọmọ mìíràn á ní, 'Ìwé adójútòfò ilé ńlá ti kó ti ẹ̀yìnkùlé mọ́ra.' Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé ńlá ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún ohun tó dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilé ńlá bá jẹ́ 300,000 dọ́là, 30,000 ló kàn án, gáráàjì àti ọgbà sì wà nínú ẹ̀ náà. Bí ọmọ bá tún ti fi ilé kékeré náà háyà fún àlejò rí, wọ́n lè ní àwọn kò san kọ́bọ̀.

Ti orí táyà ló ní wàhálà jù. Bí iléeṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí RVIA bá kọ́ ọ, wọ́n lè kà á mọ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló kàn án, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í gbà á, àfi kó kó rìsíìtì jọ, kó ní fọ́tò wáyà iná kí wọ́n tó fi pákó bò ó, kó sì ní ìwé oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ńsì.

Níbí gan-an ni irọ́ kan ti máa ń wọlé. Nítorí kí owó tí wọ́n máa san lè kéré, ọmọ á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìgbafẹ́ ni wọ́n ń lò ó fún. Bẹ́ẹ̀ Mama ti ń sùn níbẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ! Ìwé mìíràn ló wà fún ẹni tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì wọ́n jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, olùṣèwádìí á dé, á rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Mama, á rí aṣọ, á rí ìkòkò ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, nítorí ìwé irọ́ kì í gba owó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bá wọn dá sí i o.

Ẹ tún bi í nípa omíyalé, torí adójútòfò ilé lásán kì í san ti omíyalé. Ètò ìjọba àpapọ̀ wọn kan wà fún un láti ọdún 1968, ó sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró títí òjò fi ṣú ti pẹ́ jù. Ẹ bèèrè bóyá iye tuntun ni wọ́n máa san tàbí iye ohun tó ti gbó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ́ ilé náà lọ sí ìlú mìíràn, ìrìnàjò yẹn lè nílò àfikún tirẹ̀.

Ohun kan tó kan ara yín gan-an rèé. Bí ẹ bá yọ̀ ṣubú nínú ilé ọmọ yín tí ẹ ń gbé, ìwé ilé kì í san owó dókítà fún ará ilé. Àlejò tó yà ni wọ́n ṣe ti ìtọ́jú ibẹ̀ fún. Adójútòfò ìlera ti arìnrìn-àjò lọ́tọ̀ ni, kí wọ́n sì rà á kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ ní kí ọmọ ka ìwé méjèèjì sí yín létí lórí fóònù, pàápàá ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní san sí.