Ìyára àti Ìdákẹ́ Nínú Ọdẹ Abẹ́ Omi

Ọdẹ tí ó bá ń sáré nínú igbó Ifẹ̀wàrà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ariwo ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lé ẹran sá, yóò sì dí òun alára létí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Silent Hunter III, tí ó jáde ní 2005, níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ṣọdẹ.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni U-69, tí ó ri àdó olóró sínú omi èbúté Èkó ní oṣù Karùn-ún 1941. Lójú òkun, ẹ̀rọ dísù a máa gbé e lọ ní nǹkan bí máìlì òkun 17 ní wákàtí kan. Lábẹ́ omi, bátìrì kò lè mú un kọjá nǹkan bí 7, kíá ni yóò sì tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọra lọ ní 4, yóò rin nǹkan bí 80. Abẹ́ omi nìkan ni ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ ìró ti wúlò. Nítorí náà, ọ̀gákọ̀ a sáré lójú òkun, a rì, a mú kí ẹ̀rọ dákẹ́, a sì tẹ́tí. Bí ó bá gbúròó ọkọ̀ ẹrù, a tún yọ síta, a sáré lọ dè é níwájú.

Bí ọkọ̀ ogun ọ̀tá bá wà nítòsí ńkọ́? Àwọn náà ní etí. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú lo bátìrì rẹ̀ tán níbẹ̀, dandan ni kí ó yọ síwájú ìbọn wọn.