Gẹ̀gẹ̀ Tó Ń Sáré

Gẹ̀gẹ̀ kì í kánjú. Obìnrin lè gbé e sọ́rùn fún ogún ọdún, kó máa tajà ní Boundary, Ajégúnlẹ̀, kó fi ìborùn bò ó, kó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Láti 1993 tí ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀, títí kan èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀ ní Àpápá, kò tiẹ̀ wọ́pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Èyí tó yẹ kó já wa láyà ni èyí tó ń sáré: tó yọ lóṣù yìí, tó di ìlọ́po méjì lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí ohùn ń há, tí òkèlè ò lọ geere mọ́, tí èèyàn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí dáadáa.

Lìnfómà táírọ́ìdì, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó mú táírọ́ìdì, lè wà nídìí rẹ̀. Táírọ́ìdì ni ẹṣẹ́ tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun. Nínú 100 jẹjẹrẹ tó ń mú un, bíi 1 sí 5 péré ló jẹ́ irú èyí. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló máa ń mú jù, pàápàá ẹni tó ti ní àìsàn tí Hakaru Hashimoto, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Japan, ṣàpèjúwe ní 1912. Nínú àìsàn yẹn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló ń gbógun ti táírọ́ìdì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lè ya jẹjẹrẹ.

Lójú lásán, lìnfómà yìí jọ jẹjẹrẹ anaplastic, tó burú jù lọ nínú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì. Agbára káká nìyẹn fi ń gbóògùn. Lìnfómà ní tirẹ̀ ń gbóògùn dáadáa. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lè má dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá tó ń gé ẹran ara díẹ̀ jáde ló dára jù, kí onímọ̀ sì fi aró àkànṣe rẹ ẹ́ láti mọ irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́. Lẹ́tà láti Ajeromi General Hospital tàbí General Hospital Àpápá lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019.

Irú lìnfómà tó ń yára, oògùn márùn-ún tí wọ́n pa pọ̀, tí wọ́n ń pè ní R-CHOP, ni wọ́n sábà máa ń fún un, lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ìtànṣán sì lè tẹ̀ lé e. Irú tó ń rọra rìn, tí kò tíì kúrò lójú kan, ìtànṣán nìkan lè tó o. Ọ̀bẹ kọ́ ni olórí ìtọ́jú níbí.

Ó ku ti kẹ́mísìtì àdúgbò. Bí èèyàn bá ra oògùn prednisolone lò nítorí wíwú ọrùn kí wọ́n tó gé ẹran ara yẹ̀ wò, wíwú náà lè wálẹ̀, gbogbo ilé á máa dúpẹ́, á sì wá ṣòro fún àyẹ̀wò láti rí nǹkan kan mú. Kì í ṣe idán o. Prednisolone yìí gan-an ni P tó gbẹ̀yìn R-CHOP.