Òkìtì Ẹ̀yìn Lórí Omi: Ètò Ni, Kì Í Ṣe Ìgboyà Nìkan

Òkìtì títa kò ṣàjèjì sí wa. Láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti ń ta òkìtì lórí yanrìn, eégún aláré sì ń ta á lójú agbo tí àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òkìtì kan wà tó jẹ́ pé orí omi ni wọ́n ti ń ta á, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń sáré, pẹ̀lú pátákó tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Wakeboard ni orúkọ pátákó náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni eré rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn arábìnrin wa ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ náà, tí àwọn mìíràn sì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò níbẹ̀, ó yẹ kí abiyamọ mọ ohun tí ọmọbìnrin ń tọrọ nígbà tó bá sọ pé, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́ òkìtì orí omi.” Ó sì lè jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ni eré náà wù.

Bí ìyá bá kọ̀ ọ́ láìmọ ìdí, ọmọ lè lọ ṣe é ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá sì gbà á láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, ewu ni ó fi ọmọ sí. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé ìgboyà nìkan kọ́ ni a fi ń ta òkìtì yìí. Ètò ni, ó ní ìpele, ẹni tó bá sì fo ìpele kan, omi ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1985, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tony Finn, ní ìlú San Diego ní Kalifóníà, ṣe pátákó kan tó pè ní Skurfer, kí àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun lè máa ṣeré lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọjọ́ tí òkun bá pa rọ́rọ́. Ní ọdún 1990, Herb O'Brien mú pátákó Hyperlite jáde, èyí tí kì í léfòó jù, tí ó sì rọrùn láti gbéra lórí rẹ̀ láti inú omi. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ti ń fò sókè gan-an, tí wọ́n sì ń ta oríṣiríṣi òkìtì.

Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Dallas Friday, ọmọ Florida, nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ti àwọn obìnrin níbi ìdíje X Games ní ọdún 2001. Ẹ má sì rò pé lọ́jọ́ tó dé orí omi ni òkìtì dé sí i lára. Ọmọ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ eré jimnásíìkì ni. Ara rẹ̀ ti mọ bí a ti í yí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan pátákó.

KÍ Á TÓ DÉ ORÍ ÒKÌTÌ

Ìpele àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti ń gbéra nínú omi: yóò ká orúnkún, yóò na ọwọ́ méjèèjì, yóò sì jẹ́ kí ọkọ̀ fa òun dìde. Ẹni tó bá ń kánjú dìde fúnra rẹ̀ ni omi ń dà nù. Lẹ́yìn èyí, yóò kọ́ láti máa lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, yóò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín fífi ìka ẹsẹ̀ tẹ pátákó àti fífi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó máa ń fa ìgbì méjì sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn ìgbì wọ̀nyí ni òkè kékeré tí eléré máa ń gùn kí ó tó fò. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè fò láti orí ìgbì kan bọ́ sí orí ìkejì, kí ó sì balẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó rọ̀, nígbà púpọ̀ láìṣubú, kí ó tó ronú kan òkìtì.

Orí ilẹ̀ ni ó ti yẹ kí yíyí ara sẹ́yìn di mímọ̀. Àwọn olùkọ́ a máa lo trampoline, ìyẹn aṣọ líle tí a fi sípíríìnì ta mọ́ irin, tí ń ju ènìyàn sókè. Níhìn-ín ni kí ìyá ti la ojú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí ọmọ má ṣe ta òkìtì lórí trampoline inú àgbàlá ilé, nítorí ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibi tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ti ń dúró tì í, tí tìmùtìmù sì wà nílẹ̀, ni kí ó ti kọ́ ọ.

BÍ ÒKÌTÌ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Òkìtì ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè ní tantrum. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìbínú ọmọ kékeré tó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí a kò fún un ní ohun tó ń sunkún fún. Gbogbo ìyá ló mọ ìrísí rẹ̀!

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ìta ìgbì díẹ̀, yóò wá fi gìgísẹ̀ tẹ pátákó, yóò sì máa bọ̀ wá sí ìdí ìgbì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí eré rẹ̀ máa pọ̀ sí i. Ẹ mọ̀ pé bí a bá da èlùbọ́ sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, kókó ni àmàlà yóò mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fi gbogbo agbára tẹ pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tó ti nílò agbára gan-an ni yóò ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ó fi di ọwọ́ okùn mú, kí ó sì wà nítòsí ìbàdí.

Bí ó bá ti ń gun ìgbì, yóò tẹ́ pátákó díẹ̀, yóò sì nàró. Ìgbà tí pátákó bá dé góńgó orí ìgbì ni yóò tó da orí àti èjìká sẹ́yìn, tí yóò ti ìbàdí sókè, tí yóò sì fa ọwọ́ okùn mọ́ ara. Ẹsẹ̀ yóò kọjá lókè orí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ojú rẹ̀ máa wá omi, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni ara ń tẹ̀ lé. Bí ó bá ti rí omi, kí ó rọ orúnkún, kí ó má sì tíì jọ̀wọ́ okùn.

IBI TÍ Ọ̀PỌ̀ TI Ń ṢUBÚ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkánjú. Ẹni tó bá da orí sẹ́yìn kí pátákó tó dé orí ìgbì, òkè kò gbé e, ẹ̀yìn tàbí ojú ni yóò sì fi balẹ̀. Èkejì ni dída èjìká kan ṣáájú ìkejì: ara yóò yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù àbọ̀: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òkìtì tó sì fẹ́ dá a dúró lágbede méjì. Òkìtì tí a dá dúró lójú ọ̀run léwu ju èyí tí a ta parí lọ.

Ìṣubú náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ọkọ̀ tó ń sáré ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan ń rìn ju mítà 8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, omi a sì le gbá ènìyàn gan-an ní irú eré bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni olùkọ́ tó dára: lẹ́yìn ìṣubú kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè ohun tó fà á kí ó tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún gbìyànjú. Bí orí bá sì gbá omi, tí ojú ń ṣú, tí inú ń rú tàbí tí orí ń fọ́, eré ti parí lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ló kàn.

ARA OBÌNRIN

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ fún obìnrin. Bí ènìyàn bá fi ìdí bọ́ sínú omi pẹ̀lú eré, omi lè fi agbára wọ ojú ara, kí ó sì ṣe é léṣe. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí obìnrin wọ ṣòkòtò rọ́bà tó fún mọ́ra, kì í ṣe aṣọ ìwẹ̀ lásán. Aláboyún kò gbọdọ̀ ṣe eré yìí rárá, ìbáà jẹ́ pé oyún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà ní láti ní sùúrù. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣan ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá ní ọdún 2019 pé kí obìnrin má ṣe padà sí eré sísá kí oṣù 3 tó pé lẹ́yìn ìbímọ, nítorí àwọn iṣan tó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ dúró nílò àkókò láti le. Òkìtì sì le ju eré sísá lọ. Ẹni tí ìtọ̀ ń já lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fò, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

OHUN TÍ ÌYÁ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè: ǹjẹ́ ọmọ náà mọ̀ ọ́n wẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀wù ìléfòó tó bá a mu wà, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí? Yàtọ̀ sí awakọ̀, ta ni yóò máa wo akẹ́kọ̀ọ́ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú? Ṣé omi náà jìn tó, tí kò sì sí kùkùté tàbí òpó nítòsí? Ǹjẹ́ wọ́n ti kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe wé okùn mọ́ ọwọ́ láé? Bí ọmọ yóò bá gun orí ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí abẹ́ ìrù ọkọ̀ ń gé ènìyàn, èéfín rẹ̀ sì lè pa ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ìdí ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó gbóòórùn ohunkóhun.

Bí ìdáhùn kan bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ pé “kò tíì yá.” Ọmọ lè wú ẹnu, ṣùgbọ́n ọrùn kò ní ìpààrọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì pé, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí ẹ jókòó sí etí omi, kí ẹ sì wò ó. Yóò ṣubú lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí pátákó rẹ̀ bá tẹ́ lórí omi, tí ó ṣì di okùn mú, yóò ti mọ̀ pé òun lè kọ́ ohun tó ṣòro bí òun bá gbà láti kọ́ ọ ní ìpele ní ìpele. Ẹ̀kọ́ náà yóò bá a dé ilé ọkọ, yóò sì bá a dé ẹnu iṣẹ́. Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.