Ilẹ̀kùn Tí Àgbẹ̀ Tì: Bí Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Ṣe Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ Lábúlé Ṣáínà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1922, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peng Pai jáde nílé ní Haifeng, ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, ó forí lé abúlé. Aṣọ funfun báláú bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òyìnbó ló wọ̀, ó sì dé fìlà funfun lé e. Àgbẹ̀ kan tó ń po ajílẹ̀ ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ọkùnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó jókòó, ó wá bi í bóyá owó ló wá gbà lọ́wọ́ àwọn, nítorí pé abúlé àwọn kò ní ṣe eré ìtàgé kankan tí ìjọba lè gbowó lé lórí. Peng Pai ní kì í ṣe owó lòun bá wá, ọ̀rẹ́ lòun fẹ́ bá wọn ṣe, nítorí òun mọ̀ pé ìyà ń jẹ wọ́n. Àgbẹ̀ náà ní àyànmọ́ àwọn ni ìyà, pé kí ọ̀gá má bínú, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Ó bá kọjú sí ajílẹ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tó rí i bi í pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun wo ló wà, àti pé ipò wo ló dì mú níbẹ̀. Nígbà tó dé abúlé mìíràn, ajá ló wá pàdé rẹ̀, wọ́n ń gbó, wọ́n ń fi eyín hàn án. Ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì. Ilẹ̀ ṣú, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ó ní ìdí tí wọ́n fi sá fún un. Ọmọ onílẹ̀ ni Peng Pai, ó sì ti lọ kàwé ní yunifásítì Waseda ní Jàpáánì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn ará ilé àwọn, tọmọdé tàgbà, kò tó 30, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn lé ní 1,500. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán nínú aṣọ funfun, ta ni kò ní rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ló wá gbà?

Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ kọ́múníìsì Ṣáínà kò tíì pé ọdún kan, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò sì sí níwájú wọn. Oṣù Keje ọdún 1921 ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ nínú ilé kan ní Shanghai, ní àdúgbò tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Àjèjì kan já wọlé bá wọn lójijì, ara wọn kò lélẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá lọ parí ìpàdé náà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún kan ní Jiaxing. Àwọn aṣojú ọmọ Ṣáínà tó péjọ kò ju 13 lọ, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà sì lé díẹ̀ ní 50. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀ròyìn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n kà nínú ìwé Karl Marx, tí àwọn tó wá láti Rọ́ṣíà náà sì ń tẹnu mọ́, ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni yóò dojú ìjọba àwọn olówó bolẹ̀. Ṣùgbọ́n irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà nígbà náà kò ju bíi mílíọ̀nù méjì lọ láàárín èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 400. Àwọn tó kù, oko ni wọ́n wà.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbìyànjú láti kó àgbẹ̀ jọ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1921, Shen Dingyi, tí òun náà jẹ́ onílẹ̀, ti kó àwọn àgbẹ̀ Yaqian ní ìpínlẹ̀ Zhejiang jọ láti kọ ìṣákọ́lẹ̀ tó wúwo. Kí ọdún náà tó parí, àwọn sójà ti tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ní Haifeng, Peng Pai bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó wọ aṣọ tálákà. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà onílé, ó lọ dúró sí oríta kan níwájú tẹ́ńpìlì Longshan, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ó gbé ẹ̀rọ giramafóònù lọ síbẹ̀, ó ń pidán fún wọn, bí èrò bá ti pé lé e lórí, á wá bá wọn sọ̀rọ̀ gbèsè àti ìṣákọ́lẹ̀. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 1922, àwọn àgbẹ̀ márùn-ún gbà láti bá a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló ṣe ìkẹfà wọn. Ó kó ìwé àdéhùn ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ jáde níwájú àwọn tó ń dáko fún un, ó sì dáná sun ún. Inú bí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀; díẹ̀ nínú wọn ni kò kórìíra rẹ̀ nínú ilé.

Ohun tó wá mú kí ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀ kì í ṣe ìwàásù. Ẹgbẹ́ náà dá àjọ ìsìnkú sílẹ̀: bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, gbogbo wọn á dáwó fún un. Kò pẹ́ tí àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í kú léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí apá kò fi ká owó náà, ni wọ́n bá dá a dúró fúngbà díẹ̀. Wọ́n ṣí ilé oògùn, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mú káàdì rẹ̀ lọ á san ìdajì owó. Ọ̀pọ̀ wọn ya ará àdúgbò ní káàdì. Wọ́n gba ọjà ànàmọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn alágbára ìlú tó ń gbowó níbẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ dípò kóòtù, níbi tí owó wọn ì bá ti tán.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Haifeng ṣe ìpàdé gbogbogbòò. Ìdílé 20,000 ló ti wà nínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí 100,000 èèyàn, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará agbègbè náà. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà láti orí èèyàn mẹ́fà.

Ìgbà tí ìjì líle jà lọ́dún náà ni wọ́n rí ibi tí agbára wọn mọ. Ìrẹsì bàjẹ́ lóko, àwọn àgbẹ̀ ní àwọn kò lè san ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Àwọn onílẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ. Ní oṣù Kẹjọ, sójà ya wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní òwúrọ̀, wọ́n kó àwọn èèyàn dá sí àtìmọ́lé, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ Haifeng kò ṣòfò. Ẹgbẹ́ kọ́múníìsì àti Kuomintang, ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Guangzhou ní 1924 fún àwọn tí yóò máa lọ kó àgbẹ̀ jọ. Peng Pai ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní 1926, ó kan ọmọ àgbẹ̀ kan láti abúlé Shaoshan ní ìpínlẹ̀ Hunan, Mao Zedong, láti darí ìkẹfà nínú àwọn ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí wọ́n lé ní 300. Tẹ́ńpìlì Confucius àtijọ́ ni kíláàsì wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1927, Mao lo ọjọ́ 32 ní agbègbè márùn-ún ní Hunan. Níbẹ̀ ló ti rí i tí àwọn àgbẹ̀ ń dé fìlà gogoro tí wọ́n fi pépà ṣe fún onílẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ ọ káàkiri ìlú. Wọ́n fòfin de tẹ́tẹ́ àti opíọ́mù, àwọn obìnrin sì ń wọ gbọ̀ngàn ìdílé tí wọ́n ti ń lé wọn sẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní ìwà náà ti le jù. Mao kọ ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó ní àwọn àgbẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ gbára lé.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àjọṣe ẹgbẹ́ kọ́múníìsì àti Kuomintang fọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, Chiang Kai-shek, olórí ogun Kuomintang, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn kọ́múníìsì àti àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ ní Shanghai. Ní oṣù Karùn-ún, ìpakúpa dé Changsha, olú-ìlú Hunan. Ìlú ńlá kò gbà wọ́n mọ́.

Peng Pai padà sí Haifeng, ní oṣù Kọkànlá 1927 òun àti àwọn kọ́múníìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ìjọba agbègbè náà. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n sun ìwé ilẹ̀. Wọ́n sì pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ: onílẹ̀, agbowó orí, àti ẹni tí wọ́n bá ti pè ní ọ̀tá. Ní ìparí oṣù Kejì 1928, sójà ìjọba padà wọ̀lú, wọ́n sì gba ẹ̀san lára àwọn àgbẹ̀. Peng Pai sá lọ. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ló dalẹ̀ rẹ̀ ní Shanghai, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1929. Ọmọ ọdún 32 ni.

Mao ní tirẹ̀ ti kó àwọn ọmọ ogun tí kò tó ẹgbẹ̀rún kan gun òkè Jinggangshan ní oṣù Kẹwàá 1927. Ààlà Hunan àti Jiangxi ni òkè náà wà, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì kò sì tó ibẹ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀gá ìpáǹle méjì, Yuan Wencai àti Wang Zuo, ló ń jẹgàba níbẹ̀. Mao fún Yuan ní ìbọn, wọ́n mulẹ̀. Ní 1930, lẹ́yìn tí Mao ti kúrò lórí òkè náà, àwọn kọ́múníìsì kan náà ló pa Yuan àti Wang.

Lórí òkè yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tún ti jẹ yọ. Ilẹ̀kùn pákó ilé àwọn ará agbègbè yẹn ṣeé gbé kúrò lára férémù rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun Mao bá wọ abúlé lálẹ́, wọ́n á tú ilẹ̀kùn, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á kó koríko gbígbẹ lé e, wọ́n á sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Férémù kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ti lágbájá kọ́ ẹnu ọ̀nà tàmẹ̀dò, kò ní wọlé. Òfin tí Mao gbé kalẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Pupa, ìyẹn àwọn ọmọ ogun kọ́múníìsì, kò fi èyí sílẹ̀: ẹ gbé ilẹ̀kùn padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un, ẹ di koríko padà, ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ san owó ohun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ san ohun tẹ́ ẹ bá bàjẹ́.

Ìrẹsì pupa àti ọbẹ̀ elégédé ni oúnjẹ wọn lórí òkè, iyọ̀ sì wọ́n bí ojú, nítorí pé ìjọba ti dí ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń ru ìrẹsì. Zhu De, ọ̀gá ológun tó dara pọ̀ mọ́ Mao ní 1928, ti lé lẹ́ni 40 ọdún, ó sì ń bá wọn rù ú. Àwọn ọmọ ogun gbé ọ̀pá ìrẹrù rẹ̀ pamọ́ kó lè sinmi. Ó gbẹ́ òmíràn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ iléèwé ní Ṣáínà ṣì ń ka ìtàn náà nínú ìwé wọn.

Ní oṣù Karùn-ún 1930, Mao jókòó ti àwọn ará Xunwu ní Jiangxi, ó ń bi wọ́n nípa ilẹ̀, gbèsè àti ọjà, títí dórí iye ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlú kékeré náà, tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 3,000. Ní oṣù Kọkànlá 1931, àwọn kọ́múníìsì kéde ìjọba tiwọn ní ìlú Ruijin. Chiang gbógun tì wọ́n nígbà márùn-ún. Ìkarùn-ún ló lé wọn jáde. Nǹkan bí 86,000 ló gbéra ní oṣù Kẹwàá 1934. Àwọn tó dé àríwá Shaanxi pẹ̀lú Mao lẹ́yìn ọdún kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn. Abúlé ló tún gbà wọ́n níbẹ̀, nítorí Liu Zhidan ti kó àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jọ ṣáájú kí wọ́n tó dé.

Àwọn kọ́múníìsì gba ìjọba Ṣáínà ní 1949. Ní 1950, òfin ilẹ̀ tuntun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ó pín in fún àwọn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sì bá a lọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ìjọba gba ilẹ̀ náà padà, tó kó gbogbo oko pọ̀ sábẹ́ àjùmọ̀ṣe, ìyàn 1959 sí 1961 sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn, abúlé ló sì jìyà rẹ̀ jù. Ní ìparí 1978, àwọn àgbẹ̀ 18 ní abúlé Xiaogang ní ìpínlẹ̀ Anhui pàdé ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n tẹ ìka lé pépà kan pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko tirẹ̀. Ìjọba fàyè gbà á nígbà tó yá. Títí dòní, ilẹ̀ oko ní Haifeng, bíi ti gbogbo abúlé Ṣáínà, kò jẹ́ ti àgbẹ̀ tó ń ro ó. Àpapọ̀ abúlé ló ni ín. Àgbẹ̀ kàn ń gbà á lò fún iye ọdún tí ìwé sọ ni, kò sì gbọdọ̀ tà á.